Ọ̀wọ́n Gógó Kọ́ Ni "Inflation": Àgbéyẹ̀wò Ìtumọ̀ àti Ìlò Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan nínú Kíkọ́ Ẹ̀kọ́ Ètò Ọrọ̀-Ajé

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "inflation": ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá, ohun tí ó túmọ̀ sí nínú ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀-ajé, àti bí a ṣe ń pè é ní èdè Yorùbá. Ìpèdè tí etí wa mọ̀ jù lọ fún un ni "ọ̀wọ́n gógó". A ṣàlàyé pé ipò tí ọjà wà ni ọ̀wọ́n gógó ń sọ, nígbà tí "inflation" ń sọ bí iye owó ọjà ṣe ń yára kúrò ní ipò kan bọ́ sí òmíràn. Nítorí àṣìpè yìí, akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé bí "inflation" bá ti dín kù, ọjà ti wálẹ̀ nìyẹn. A dábàá pé kí olùkọ́ máa lo "ẹ̀kúnwó ọjà gbogboogbò" fún "inflation", kí a sì fi "ọ̀wọ́n gógó" sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. A tún fi àpẹẹrẹ ìṣirò kan hàn tí olùkọ́ lè lò ní kíláàsì.

Àwọn kókó ọ̀rọ̀: ẹ̀kúnwó, ọ̀wọ́n gógó, ọ̀rọ̀-ìperí, ètò ọrọ̀-ajé, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́.

1. Ìfáárà

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, kéde pé ìwọ̀n "inflation" fún oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà jẹ́ ìdá 24.48 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti oṣù Kejìlá ọdún 2024 tí ó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ìdá 34.80. Bí a bá fi Yorùbá tí a máa ń gbọ́ lórí afẹ́fẹ́ sọ ìròyìn yìí, ohun tí yóò jáde ni pé "ọ̀wọ́n gógó ọjà ti dín kù". Ẹni tí ó gbọ́ ọ, tí ó gbé àpò lọ sí ọjà, kò rí ohun tí ó dín kù níbẹ̀. Ohun méjì ni ó ṣeé ṣe kí ó rò: pé irọ́ ni ìjọba ń pa, tàbí pé ọ̀dájú ni ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n ìròyìn náà kò fìgbà kan sọ pé ọjà ti wálẹ̀. Ìpèdè tí a lò ni ó sọ bẹ́ẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn oníròyìn nìkan. Àwa tí a ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ ni ó kàn jù. Akẹ́kọ̀ọ́ NCE tí ó bá gba ìtumọ̀ tí kò pé lọ́wọ́ wa yóò gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ tí ó bá kọ́ níbẹ̀ yóò sì gbé e lọ sílé. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí a wo inú ọ̀rọ̀-ìperí kan dáadáa kí a tó fún un ní orúkọ Yorùbá.

Iṣẹ́ ṣíṣe ọ̀rọ̀-ìperí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí ní Ifẹ̀ láti ọdún 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ìmọ̀ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì, fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ọ̀rọ̀ ètò ọrọ̀-ajé kò sí lára ohun tí ìwé náà dá lé. Ẹnu ọjà àti ẹnu rédíò ni a ti ń ṣà á mú. Kò sí aburú níbẹ̀, bí a bá lè yẹ ohun tí a ṣà wò.

2. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá

Láti inú èdè Látìnì ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá "inflation". Ọ̀rọ̀-ìṣe Látìnì náà, "inflare", túmọ̀ sí kí a fẹ́ atẹ́gùn sí inú nǹkan. Ìdí nìyí tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń lo ọ̀rọ̀ yìí kan náà fún fífẹ́ táyà ọkọ̀ àti fún bàlúùn tí ọmọdé fẹ́ tí ó wú. Ohun tí a fẹ́ atẹ́gùn sí máa ń tóbi ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pàápàá ní Amẹ́ríkà, owó ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣàpèjúwe. Bí báńkì bá tẹ owó bébà jáde ju wúrà àti fàdákà tí ó wà nípamọ́ lọ, wọ́n á ní owó náà "wú". Ìgbà tí ó yá, ní ọ̀rúndún ogún, ìtumọ̀ náà ṣí kúrò lára owó bọ́ sára iye owó ọjà. Ohun tí a ń pè ní àbájáde tẹ́lẹ̀ ni ó wá gba orúkọ. Lónìí, bí onímọ̀ ọrọ̀-ajé bá dárúkọ "inflation", bí iye owó ọjà ṣe ń lọ sókè ni ó ní lọ́kàn, ohun yòówù kí ó fà á. Síbẹ̀, àwọn kan, tí Milton Friedman jẹ́ gbajúgbajà láàárín wọn, dúró lórí rẹ̀ pé bí owó tí ó wà nígboro bá ń pọ̀ ju ọjà tí a lè fi rà lọ ni gbòǹgbò ọ̀ràn náà.

Ó yẹ kí olùkọ́ mọ ìtàn yìí nítorí pé àwọn ìwé àtijọ́ kan tí ó ṣì wà ní ilé-ìkàwé wa lo ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ ti àtijọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kà á láìmọ̀ yóò rò pé àwọn òǹkọ̀wé ń ta ko ara wọn.

3. Ohun tí "inflation" jẹ́ nínú ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀-ajé

Ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ pé kí a tó pe nǹkan ní "inflation".

Èkíní, ó gbọ́dọ̀ kan ọjà káàkiri. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní Kàdúná àti àwọn ìpínlẹ̀ kan ní àríwá. Tòmátì wọ́n bí ojú. Àmọ́ tòmátì nìkan kì í ṣe gbogbo ọjà. Ó lè jẹ́ pé ní oṣù tí tòmátì wọ́n yẹn, aṣọ àti owó ilé dúró sí ibi tí wọ́n wà. Ọ̀wọ́n tòmátì ni èyí. Ó dá kún "inflation", ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kọ́ ni "inflation".

Èkejì, ó gbọ́dọ̀ máa tẹ̀síwájú. Bí owó ọkọ̀ bá lọ sókè ní ọ̀sẹ̀ ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì, tí ó sì padà wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún, a kò ní pe èyí ní "inflation".

Ẹ̀kẹta, èyí tí a sábà máa ń gbàgbé, ni pé ìwọ̀n ìyípadà ni. Kì í sọ iye tí ọjà jẹ́. Ó ń sọ bí iye náà ṣe yàtọ̀ sí ti àkókò kan tí ó ti kọjá. Ìdá 34.80 tí a kà fún oṣù Kejìlá ọdún 2024 túmọ̀ sí pé bí a bá kó àkójọ ọjà kan náà jọ, owó tí a fi rà á ní oṣù náà fi ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ju owó tí a fi rà á ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 lọ.

Àkójọ ọjà yẹn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní agbọ̀n ọjà. Wọn kì í kó gbogbo nǹkan sínú agbọ̀n náà ní ìwọ̀n kan náà. Ohun tí àwọn ènìyàn ń náwó lé lórí jù ni ó máa ń wúwo jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, NBS tún agbọ̀n rẹ̀ dì. Ọdún 2009 ni wọ́n ti fi ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò tẹ́lẹ̀, wọ́n wá gbé e wá sí ọdún 2024. Wọ́n tún dín ìwúwo oúnjẹ kù láti bí ìdá 52 sí bí ìdá 40. Nítorí náà, nígbà tí ìwọ̀n náà já láti 34.80 sí 24.48 láàárín oṣù kan, kì í ṣe ọjà nìkan ni a gbọ́dọ̀ wò, òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ti yí padà. Bí ìyá oníyangan bá fi kọ́ńgò kan wọ̀n lánàá, tí ó fi kọ́ńgò mìíràn wọ̀n lónìí, a kì í fi èkíní wé èkejì tààrà.

Ní ti ohun tí ó ń fà á, ìwé máa ń ka mẹ́ta. Ó lè jẹ́ pé owó tí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ rajà pọ̀ ju ọjà tí ó wà nílẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ pé ohun tí a fi ń ṣe ọjà ni ó gbówó lórí. Ó sì lè jẹ́ pé owó ilẹ̀ wa ni iye rẹ̀ jábọ́ níwájú owó ilẹ̀ òkèèrè, tí ohun tí a ń kó wọlé fi wọ́n sí i. Ọdún 2023 fún wa ní àpẹẹrẹ méjì tí ó kẹ́yìn pọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, jálá epo kan tí kò tó ₦200 ti kọjá ₦480. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n fi iye tí a ń ṣẹ́ náírà sí dọ́là sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu. Dọ́là kan tí kò tó ₦500 tẹ́lẹ̀ ní ọjà ìjọba ti ju ₦1,500 lọ nígbà tí ọdún 2024 fi parí. Epo ń gbé ọjà, dọ́là ń ra ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a fi ń ṣe é. Kò yani lẹ́nu pé àwọn ọjà tí kò jọ ara wọn rárá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè pọ̀.

4. Ohun tí "ọ̀wọ́n" ń sọ ní ẹnu Yorùbá

Ọ̀rọ̀-ìṣe "wọ́n" ni a fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kún tí ó fi di "ọ̀wọ́n". Nǹkan méjì ni "ó wọ́n" máa ń túmọ̀ sí lẹ́ẹ̀kan náà: pé nǹkan kò pọ̀ nílẹ̀, àti pé owó gọbọi ni a fi ń rà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ó pọ̀" ṣe lè túmọ̀ sí pé nǹkan wà rẹpẹtẹ, tí a sì tún ń sọ pé "ọ̀pọ̀ ni mo rà á", nígbà tí a kò fi owó púpọ̀ rà á. Àwọn baba ńlá wa ti fi ìmọ̀ ọrọ̀-ajé kan pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí: ohun tí kò bá sí nílẹ̀ ni ó ń gbówó lórí.

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. "Inflation" lè wà nígbà tí ọjà kún fọ́fọ́. Láti ọdún 2023, ẹni tí ó bá wọ ọjà yóò rí i pé ìrẹsì wà lórí àtẹ, ẹ̀wà wà, epo pupa wà. Ohun tí kò sí ni agbára láti rà á.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo bí a ṣe ń lo "ọ̀wọ́n gógó" lójoojúmọ́. Bí ilé epo bá tì, tí ọkọ̀ tò lọ kánrin, ìròyìn á ní "ọ̀wọ́n gógó epo bẹntiróòlù". Àìsí epo ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí báńkì àpapọ̀, CBN, pààrọ̀ àwọ̀ owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000, tí àwọn ènìyàn sùn sí ẹnu ọ̀nà báńkì, wọ́n pe ìyẹn náà ní "ọ̀wọ́n gógó owó náírà". Ẹ kíyè sí i: owó kò sí nígboro ni ọ̀wọ́n gógó ti ibí yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni owó tí ó pọ̀ ju ọjà lọ jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó ń fa "inflation". Orúkọ kan náà ni a fi pe ohun méjì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú kọ ara wọn.

Ní ti gírámà, "wọ́n" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń sọ ipò. Bí mo bá ní "ẹran wọ́n", ipò tí ẹran wà lónìí ni mo sọ. Kí n tó lè sọ pé ó ń yí padà, mo ní láti sọ pé "ẹran ń wọ́n sí i". Àtẹnumọ́ "sí i" yẹn ni "inflation". Nígbà tí a wá sọ "wọ́n" di "ọ̀wọ́n", atọ́ka ibá-ìṣe "ń" àti "sí i" kò bá a wọnú ọ̀rọ̀-orúkọ náà. Ipò ni ó ṣẹ́kù. Bí a bá wá sọ pé ipò kan "dín kù", kò sí bí olùgbọ́ kò ṣe ní gbà pé ọjà ti rọjú. Kò ṣìnà, èdè tí a fi bá a sọ̀rọ̀ ni ó tọ́ ọ sí ibẹ̀. "Ìgbówólórí ọjà" tí àwọn mìíràn ń lò ní àbùkù kan náà, nítorí ipò ni "gbówó lórí" náà ń sọ.

5. Ohun tí a lè kọ́ lára Haúsá

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí èdè pọ̀ sí bí tiwa, a kò ní láti lọ jìnnà kí a tó rí ẹni tí yóò ràn wá lọ́wọ́. Ohun tí àwọn oníròyìn Haúsá ń pe "inflation" ni "hauhawar farashi". "Farashi" ni iye owó. "Hauhawa" wá láti ara "hau", tí ó túmọ̀ sí gígùn nǹkan, bí ẹni ń gun òkè tàbí gun ẹṣin. Wọ́n ṣe àpètúnpè fún un kí ó lè fi hàn pé gígùn náà ń lọ léraléra. Gígòkè tí kò dáwọ́ dúró ni wọ́n sọ lórúkọ, wọn kò sọ ibi gíga tí a gùn dé. Ẹni tí ó bá gbọ́ ní Haúsá pé "hauhawa" dín kù yóò tètè mọ̀ pé ẹni tí ń gun òkè ni ó dẹ ẹsẹ̀, kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ìperí tí a ń wá ní Yorùbá gbọ́dọ̀ lè ṣe irú iṣẹ́ yìí.

6. Àbá wa: ẹ̀kúnwó ọjà gbogboogbò

A kò ní láti hun ọ̀rọ̀ tuntun. Yorùbá ti ní "ẹ̀kúnwó" àti "ẹ̀dínwó". Bí owó iná bá lọ sókè, a máa ń ní ẹ̀kúnwó ti dé bá owó iná. Bí oníṣòwò bá yọ díẹ̀ kúrò fún oníbàárà, ẹ̀dínwó ni ó ṣe. "Kún" àti "dín" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ìyípadà. Ẹni tí ó bá gbọ́ wọn yóò béèrè pé: lé orí èló? Láti ìgbà wo? Ìbéèrè méjì yìí gan-an ni ìṣirò "inflation" ń dáhùn. Nítorí náà, a dábàá àwọn ìpèdè wọ̀nyí:

"Inflation": ẹ̀kúnwó ọjà gbogboogbò.
"Inflation rate": ìwọ̀n ẹ̀kúnwó ọjà.
"Disinflation": ìrẹ̀sílẹ̀ ìwọ̀n ẹ̀kúnwó, ọjà ṣì ń gòkè, ṣùgbọ́n kò yára mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.
"Deflation": ẹ̀dínwó ọjà gbogboogbò, ọjà ń wálẹ̀ ní tòótọ́.
"Hyperinflation": ẹ̀kúnwó àpọ̀jù, irú èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1923 àti ní Zimbabwe ní ọdún 2008.
"Price level": ipò iye owó ọjà.
"Scarcity": ọ̀wọ́n, ọ̀wọ́n gógó.

A mọ̀ pé ẹnìkan lè ta ko àbá yìí. Ó lè ní "ẹ̀kúnwó" tún ń tọ́ka sí owó oṣù tí a fi kún, tàbí ọjà ẹyọ kan. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyí tí "ọjà gbogboogbò" kò fi gbọ́dọ̀ sọnù lára rẹ̀ níbi tí ó bá ti lè rú ni lójú. Ó tún lè ní "ẹ̀kúnwó" dún bí ẹni pé ẹnìkan ni ó jókòó tí ó fi owó lé ọjà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹnìkan ṣoṣo tí ó ń fa "inflation". Àtakò yìí lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Síbẹ̀, ó sàn kí a ṣàlàyé ìyẹn lẹ́ẹ̀kan ju kí a máa tún àṣìgbọ́ "ọ̀wọ́n gógó" ṣe lóṣooṣù.

A kò sọ pé kí a lé "ọ̀wọ́n gógó" kúrò nílùú. Bí epo kò bá sí ní ilé epo, ọ̀wọ́n gógó ni. Bí ará ọjà bá ń kérora pé ọjà wọ́n, kò sí ẹni tí yóò bá a wíjọ́. Ibi tí a bá ti ń ka ìṣirò ni kí a ti yà wọ́n sọ́tọ̀.

7. Bí a ṣe lè kọ́ ọ ní kíláàsì

Kí olùkọ́ kọ agbọ̀n ọjà ìdílé kan sí ojú pátákó. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye wọ̀nyí.

Ọdún kìíní: oúnjẹ ₦12,000, owó ọkọ̀ ₦4,000, owó ilé ₦4,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦20,000.
Ọdún kejì: oúnjẹ ₦15,600, owó ọkọ̀ ₦5,000, owó ilé ₦4,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦24,600.
Ọdún kẹta: oúnjẹ ₦17,160, owó ọkọ̀ ₦5,500, owó ilé ₦4,400. Àpapọ̀ jẹ́ ₦27,060.

Ní ọdún kejì, ₦4,600 ni ó lé lórí ₦20,000. Ìwọ̀n ẹ̀kúnwó ọjà jẹ́ ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí i pé oúnjẹ fi ìdá 30 lé, owó ọkọ̀ fi ìdá 25 lé, owó ilé kò lé rárá. Bí a bá kàn ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ tí a pín in sí mẹ́ta, ohun tí yóò jáde kò tó 19. Ìyàtọ̀ náà wá láti inú pé oúnjẹ ni ó wúwo jù nínú agbọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò tún rí ìdí tí ìdílé tí ó fi gbogbo owó rẹ̀ jẹun fi máa ń sọ pé ìṣirò ìjọba kò jọ ohun tí ojú òun ń rí. Agbọ̀n tirẹ̀ kì í ṣe agbọ̀n ìjọba.

Ní ọdún kẹta, ₦2,460 ni ó lé lórí ₦24,600. Ìwọ̀n náà jẹ́ ìdá 10. Ó ti já láti 23 sí 10. Kí olùkọ́ wá béèrè pé: "Ṣé ọjà ti wálẹ̀?" Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú ara rẹ̀ wo ₦24,600 àti ₦27,060. Ìwọ̀n ẹ̀kúnwó rẹ̀ sílẹ̀, ọjà gòkè. Bí awakọ̀ tí ń sáré bá tẹ bíréèkì díẹ̀, ọkọ̀ kò padà sẹ́yìn. Ọ̀nà tí ó ń lọ náà ni ó ṣì ń lọ. Ìgbà tí àpapọ̀ ọdún kẹrin bá di ₦25,707 ni a tó lè sọ pé ọjà wálẹ̀, ní ìdá 5.

Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ gbé ìṣirò náà wá sílé. NBS ka ìdá 28.92 fún oṣù Kejìlá ọdún 2023, ó sì ka ìdá 34.80 fún oṣù Kejìlá ọdún 2024. A kì í ro méjèèjì pọ̀, ńṣe ni èkejì gun orí èkíní. Ẹni tí ó ń gba ₦100,000 ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 nílò nǹkan bí ₦173,784 ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 kí ó tó lè ra ohun tí ó ń rà tẹ́lẹ̀. Bí owó oṣù rẹ̀ kò bá yí padà, ₦100,000 náà kò ra ju ohun tí nǹkan bí ₦57,500 ń rà ní ọdún méjì sẹ́yìn lọ. Olùkọ́ tí ó bá ṣe ìṣirò yìí kò ní nílò àlàyé mìíràn lórí ìyàtọ̀ láàárín iye tí a kọ sára owó àti agbára tí owó ní.

Èésú náà jẹ́ àpẹẹrẹ tí kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni. Ènìyàn méjìlá ń dá ₦10,000 lóṣooṣù, ẹnìkan sì ń kó ₦120,000. Bí ọjà bá fi ìdá 20 lé láàárín ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o àti ẹni tí ó kó o kẹ́yìn, ohun tí ẹni ìkẹyìn yóò rí rà kò ju ohun tí ₦100,000 ń rà ní ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó jí owó rẹ̀. Ẹ̀kúnwó ọjà ni ó jẹ ẹ́.

Kí olùkọ́ má gbàgbé ẹ̀kúnwó tí ó fara pamọ́. Búrẹ́dì lè dúró sí iye tí ó wà, kí ó sì kéré sí i. Ẹni tí ó ń ta gàrí lè má fi kọ́bọ̀ lé e, kí ó kàn dẹ́kun àti bu ènì sórí kọ́ńgò. Iye owó kò yí, òṣùwọ̀n ni ó yí, ẹ̀kúnwó sì ni.

Ní ìparí ẹ̀kọ́ náà, a lè fi ọ̀rọ̀ CBN dán akẹ́kọ̀ọ́ wò. Láti oṣù Keje ọdún 2023 títí di oṣù Kọkànlá ọdún 2024, CBN gbé èlé tí ó fi ń darí èlé àwọn báńkì yòókù láti ìdá 18.75 dé ìdá 27.50. Kí ni wọ́n ń lé? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dáhùn pé wọ́n fẹ́ kí ọjà padà sí iye ti ọdún 2022 kò tíì gbọ́ ohun tí a kọ́. Ìyára tí ọjà fi ń gòkè ni wọ́n fẹ́ dín kù. Bí ẹ̀kúnwó bá rẹlẹ̀, kí owó oṣù lè lé ọjà bá ni ó kù. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ owó oṣù tí ó kéré jù, tí wọ́n gbé láti ₦30,000 sí ₦70,000 ní ọdún 2024, kò fi ṣeé yà kúrò lára ọ̀rọ̀ yìí.

8. Ìkádìí àti àbá

A ti fi hàn pé "inflation" jẹ́ ìwọ̀n bí ọjà lápapọ̀ ṣe ń gòkè láti ìgbà kan dé òmíràn, àti pé "ọ̀wọ́n gógó" ń sọ ipò tí ọjà wà tàbí àìsí ọjà nílẹ̀. Nígbà tí a bá fi èkejì pe èkíní, ìròyìn tí ó jẹ́ òótọ́ á di irọ́ ní etí olùgbọ́. Nítorí náà, a dábàá pé:

i. kí àwọn olùkọ́ ẹ̀ka Yorùbá àti ti ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀-ìperí ètò ọrọ̀-ajé, kí ẹnìkan má dá a ṣe;

ii. kí a máa lo "ẹ̀kúnwó ọjà gbogboogbò" àti "ìwọ̀n ẹ̀kúnwó ọjà" nínú ìwé ìdánwò, ìwé ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ àbọ̀ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá fi Yorùbá kọ;

iii. kí ọ̀rọ̀-ìperí kọ̀ọ̀kan tí a bá dá tẹ̀lé àpẹẹrẹ ìṣirò kan tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe;

iv. kí àwọn tí ń kọ́ Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá máa fi ìpèdè wọn wé ara wọn nínú irú àpérò báyìí, nítorí ohun tí èdè kan ti yanjú lè ṣí ojú èdè kejì.

Ọjọ́ tí àjọ ìṣirò bá tún kéde pé "inflation" ti rẹ̀ sílẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan sì lè sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Ìyá mi, wọn kò sọ pé ọjà ti wálẹ̀ o, wọ́n ní kò sáré gòkè mọ́ bíi ti èṣí," iṣẹ́ wa ti ṣe nìyẹn.